ÌYÌN TÍ A FOWÓ RÀ: Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Tí Ń Fi Kálàmù Wá Oúnjẹ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fi ìmọ̀ kálàmù ta wá lọ́rẹ. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà ti ń pè ní Olùfọkàntán kí iṣẹ́ ìránṣẹ́ tó dé bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Lẹ́yìn wáàsí wa ní ọjọ́ Àìkú kan, arábìnrin kan fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí mi láti ẹ̀yìn gàgá. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò pọ̀. Ó ní ó ti pé ọdún méjì tí òun ti jáde ilé-ìwé gíga, òun kò sì ríṣẹ́. Ó ní àwọn ọlọ́jà máa ń sanwó fún òun kí òun kọ ọ̀rọ̀ ìyìn nípa ọjà wọn sójú Facebook àti WhatsApp òun, kí òun kọ ọ́ bí ẹni pé òun fúnra òun ni òun rà á tí òun sì lò ó. Ó ní owó yìí ni òun fi ń ra oògùn fún ìyá òun. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ṣé hàláàlì ni owó náà, àbí hàráámù?

Nígbà tí mo ka ìwé náà sókè láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, àwọn arákùnrin kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ààfáà, ṣé ìyẹn náà tún ń fẹ́ fátúwà? Ṣebí ìpolówó lásán ni.” Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ìdí kan tí mo máa sọ níwájú. Mo sọ fún arábìnrin wa pé kí ó fún mi láyè kí n wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kí n sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa kí gbogbo wa lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Èsì náà nìyí.

IRÚ IṢẸ́ TÍ IṢẸ́ YÌÍ JẸ́

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń dá ẹjọ́ lé lórí. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí ayé mọ ọjà òun á ké e, á kiri rẹ̀, tàbí kí ó gbé e sórí rédíò. Ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé ọlọ́jà ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹlẹ́kọ bá ní ẹ̀kọ òun dì, a mọ̀ pé ẹlẹ́kọ ni. A ó wò ó, a ó tọ́ ọ wò, a ó sì pinnu.

Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà rí i pé ariwo ti sú àwọn ènìyàn. Wọ́n rí i pé ohun tí ọ̀rẹ́ bá sọ fún ọ̀rẹ́ ló ń wọ̀ ọ́ létí. Nítorí náà wọ́n wá ọ̀nà tí wọn yóò fi ra ẹnu ọ̀rẹ́. Ní ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ PayPerPost bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó so àwọn ọlọ́jà pọ̀ mọ́ àwọn tí ń kọ ọ̀rọ̀ ayé ara wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọlọ́jà sì san dọ́là díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ nípa ọjà rẹ̀. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀ nígbà náà, nítorí pé níbẹ̀rẹ̀ kò pọn dandan kí òǹkọ̀wé sọ fún òǹkàwé pé wọ́n sanwó fún òun.

Lónìí, ọ̀nà náà ti gba ọ̀dọ̀ tiwa wá. Ọlọ́jà á fi iṣẹ́ rán ọmọ wa pé, “Sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni o fi lò ó. Sọ pé ìyá rẹ náà ń lò ó. Má sọ pé a fún ọ lówó.” Owó á wọlé, ọ̀rọ̀ á jáde. Ẹni tó bá kà á kò ní mọ̀ pé ọlọ́jà ló ń gba ẹnu ọmọ àdúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀.

ÌPOLÓWÓ FÚNRA RẸ̀ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Ẹ má jẹ́ kí a kọjá ààlà. Nínú Sūratul Baqarah, āyah 275, Ọlọ́hun ya òwò sọ́tọ̀ kúrò lára èlé, Ó sì fi òwò sílẹ̀ fún wa. Ànábì fúnra rẹ̀ gbé ọjà Khadījah, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Ẹni tó bá ké ọjà tó dára, tó sì sọ ìwà tó wà lára rẹ̀ gan-an, kò ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ fíkíhì sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí wọ́n ń pè ní simsār, èyí tí àwa ń pè ní alárenà, ẹni tó ń dúró láàárín olùtà àti olùrà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fọwọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ bí kò bá ti sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Kíkọ̀wé náà, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ tò lè gba owó lórí rẹ̀ bí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe ń gba owó lórí àga.

Nítorí náà, ibi tí ẹjọ́ wà ni ohun tí a kọ, àti ohun tí a fi pamọ́ fún ẹni tó ń kà á. Mo rí àrùn mẹ́ta tó máa ń wọ inú iṣẹ́ yìí.

ÀRÙN KÌÍNÍ: JÍJẸ́RÌÍ SÍ OHUN TÍ A KÒ MỌ̀

Nínú Sūratul Isrā’, āyah 36, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀, Ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé etí, ojú àti ọkàn wa ni a ó bi léèrè. Bí o bá kọ ọ́ pé “mo lò ó, ó ṣiṣẹ́ fún mi,” ẹ̀rí lo jẹ́ yẹn. Ẹ̀rí ń fẹ́ kí o ti rí i, kí o ti tọ́ ọ wò.

Abū Bakrah, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ròyìn pé nígbà tí Ànábì ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá, ó rọ̀gbọ̀kú. Nígbà tó kan ẹ̀rí èké, ó dìde jókòó, ó sì ń tún un sọ lásọtúnsọ títí àwọn sàhábà fi ń rò nínú ọkàn wọn pé ì bá dákẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló tó èyí tó mú Ànábì dìde lórí ìrọ̀gbọ̀kú? Ẹ̀ṣẹ̀ yìí náà ni àwa ń pè ní “ìpolówó lásán.”

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ gbọ́ ti Asmā’, ọmọ Abū Bakr. Ó ròyìn pé obìnrin kan bi Ànábì léèrè pé òun ní orogún, ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni bí òun bá ń ṣe bí ẹni pé ọkọ òun fún òun ní ohun tí kò fún òun? Ànábì fi ẹni tó ń ṣe àṣehàn ohun tí kò ní wé ẹni tó wọ ẹ̀wù èké méjì. Báwo wá ni ti ẹni tó gbé ìpara dání, tó ya fọ́tò, tó kọ ọ́ pé òun ni ìdí tí awọ òun fi ń dán, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ fi kan ojú? Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ pé mákíúrì tó ń wà nínú àwọn ìpara ìbóra kan lè ba kíndìnrín jẹ́. Awọ ẹlòmíràn ni a fi ń ta ọjà tí a kò jẹ́ fi kan tiwa.

ÀRÙN KEJÌ: FÍFI OWÓ TÍ A GBÀ PAMỌ́

Ẹ ti rí ọjà gbàǹjo rí. Ẹni tó ń ṣe gbàǹjo á gbé aṣọ sókè, àwọn ènìyàn á máa fowó lé owó. Nígbà mìíràn, ọ̀kan wà láàárín èrò tó ń pariwo ju gbogbo wọn lọ: “Aṣọ yìí dára o! Mo fi ẹgbẹ̀rún kan lé e!” Kò fẹ́ ra aṣọ kankan. Ọmọ iṣẹ́ ọlọ́jà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ̀yin tó kù lè rò pé ẹni bíi tiyín ló ń dù ú, kí ẹ sì san ju iye tí ó tọ́ lọ.

Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe ní orúkọ nínú ẹ̀sìn wa. Najash ni. Ibn ‘Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí òun àti bàbá rẹ̀, ròyìn pé Ànábì kọ̀ ọ́ fún wa, Bukhārī àti Muslim sì gbé e jáde. Ẹ wo ohun tó sọ najash di ẹ̀ṣẹ̀. Aṣọ náà lè dára lóòótọ́. Ọkùnrin náà lè má parọ́ kan lára aṣọ. Ṣùgbọ́n ó dúró láàárín èrò bí ọ̀kan lára wọn, nígbà tó jẹ́ pé owó ọlọ́jà wà nínú àpò rẹ̀. Irọ́ ibẹ̀ wà nínú ibi tó dúró sí.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ìyìn tí wọ́n sanwó fún, tí kò sì sọ pé wọ́n sanwó, ó dúró sí ibi tí ọkùnrin yẹn dúró sí. Òǹkàwé rò pé olùrà bíi tòun ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá mọ̀ pé ọlọ́jà ló háyà rẹ, ì bá fi ọ̀rọ̀ rẹ sórí òṣùwọ̀n mìíràn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó mọ̀, ìwọ lo sì fi dù ú.

ÀRÙN KẸTA: FÍFI ÀBÙKÙ PAMỌ́

Abū Hurayrah, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ròyìn pé Ànábì kọjá lára òkìtì oúnjẹ kan ní ọjà. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan omi. Ó bi olówó ọjà léèrè ohun tó fà á, ìyẹn ní òjò ló pa á. Ànábì wá bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Níbẹ̀ ló ti kéde pé ẹni tó bá ń tan àwọn ènìyàn jẹ kò sí lára wa.

Ẹ kíyè sí ọlọ́jà yìí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé gbogbo oúnjẹ òun gbẹ. Òtítọ́ ló sì sọ pé òjò pa á. Ohun tó ṣe kò ju pé ó fi gbígbẹ sókè, ó fi tútù sísàlẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé wa ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n á ní kí o sọ pé fóònù náà rẹwà, kí o má sọ pé bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Kí o sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ náà ní olùkọ́, kí o má sọ pé ìjọba kò tíì fọwọ́ sí i.

Ḥakīm ọmọ Ḥizām, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òdodo, tí wọ́n sì ṣe àlàyé, àlùbáríkà á wọ inú òwò wọn. Bí wọ́n bá parọ́ tí wọ́n sì fi nǹkan pamọ́, àlùbáríkà òwò náà á parẹ́. Owó lè pọ̀ kí àlùbáríkà má sí níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí irú owó bẹ́ẹ̀: a kò rí i nígbà tó wọlé, a kò sì mọ ibi tó gbà lọ.

ÌDÍ TÍ ÈMI KÒ FI RẸ́RÌN-ÍN

Mo ṣèlérí pé mo máa sọ ìdí tí n kò fi bá àwọn arákùnrin wa rẹ́rìn-ín. Ìdí náà ni pé èmi náà ti ṣe iṣẹ́ yìí rí.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé gíga, àwọn kan tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn pé àwọn fẹ́ fi ṣòwò tí kò ní èlé wá bá mi. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n mọ̀ pé mo máa ń kọ̀wé, wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni mí. Wọ́n fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà. Mo kọ ọ́ pé èmi fúnra mi fi owó síbẹ̀, mo sì ti gba èrè lẹ́ẹ̀mejì. N kò fi kọ́bọ̀ síbẹ̀. Mo fi Bismillāh bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá àgbàlagbà kan wà ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa tó ń ta èlùbọ́. Ó ti ń tọ́jú owó Háájì láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ka ohun tí mo kọ sí i létí. Ìyá náà ní bí ọmọ Ààfáà bá ti fi owó tirẹ̀ síbẹ̀, kò sí ewu. Ó kó owó Háájì rẹ̀ fún wọn. Oṣù mẹ́rin kò pé tí ọ́fíìsì wọn fi di àgádágodo, tí fóònù wọn kò sì lọ mọ́.

Nígbà tí mo lọ kí i, mo rò pé èpè ni n óò gbọ́. Ìyá di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìwọ náà pàdánù tìrẹ. Ọlọ́hun á dá a padà fún wa.” Ó ń tù mí nínú lórí owó tí n kò fi síbẹ̀! N kò lè ya ẹnu. Mo ní “Āmīn,” mo sì jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó lè padà lọ jẹ́wọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo parí, ó béèrè pé, “Èló ni wọ́n fún ọ?” Mo sọ iye rẹ̀. Ó ní, “Ó kéré.” Ó sì ń bá a lọ, ó ń wọn èlùbọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí san owó náà fún un díẹ̀díẹ̀. Ìyá kú kí n tó san án dé ìdajì. Kò fojú rí Mẹ́kà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo ń san ìyókù fún títí di òní. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Èmi mọ ẹni tí tèmi bà.

ÀWỌN ÀWÁWÍ TÍ À Ń GBỌ́

Àwọn kan ní, “Ọlọ́jà ló kọ ọ̀rọ̀ náà, èmi kàn gbé e jáde ni.” Nínú Sūratul Baqarah, āyah 79, Ọlọ́hun fi ègbé lọ àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kọ ìwé tí wọ́n pè é ní ti Ọlọ́hun kí wọ́n lè fi gba owó díẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn tó yí ìwé mímọ́ padà ni āyah náà ń bá wí, ẹ̀ṣẹ̀ wọn sì tóbi ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ọlọ́hun so ègbé náà mọ́: ohun tí ọwọ́ wọn kọ, àti ohun tí wọ́n rí gbà lórí rẹ̀. Bí orúkọ rẹ bá wà lókè ọ̀rọ̀, tìrẹ ni.

Àwọn mìíràn ní, “Olùrà ní ojú, kí ó wò ó dáadáa.” Jarīr ọmọ ‘Abdullāh, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, bá Ànábì ṣe àdéhùn pé òun yóò máa fẹ́ ire fún gbogbo Mùsùlùmí. A ròyìn rẹ̀ pé nígbà tí wọ́n fẹ́ ta ẹṣin kan fún un ní 300 dírhámù, ó sọ fún ẹni tó ni ín pé ẹṣin náà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń fi owó kún un títí ó fi di 800. Olùrà ló ń ṣàánú olùtà! Àwa wá ń fi ẹni tó fọkàn tán wa sílẹ̀ kí ó lọ já sí kòtò.

Àwọn kan ní, “Owó kékeré ni.” Ànábì kìlọ̀ nípa ẹni tó fi ìbúra èké gba ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí. Wọ́n bi í léèrè pé bí nǹkan náà bá kéré ńkọ́? Ó ní bó tilẹ̀ ṣe ẹ̀ka igi arāk, igi tí wọ́n fi ń rin ẹnu. Ẹ̀ka pákò lásán!

Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó ń fi ẹ̀sìn ta ọjà. Ọlọ́jà kò yàn ọ́ nítorí pé o mọ̀wé jù. Ó wo ìjáàbù rẹ, ó wo irùngbọ̀n rẹ, ó rí i pé àwọn ènìyàn á gbà ọ́ gbọ́. Ohun tó ń rà lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Kì í ṣe tìrẹ nìkan, ti gbogbo wa ni. Bí a bá já ọ nírọ́ lọ́la, wọn kò ní sọ pé lágbájá parọ́. Wọ́n á ní, “Àwọn oníjáàbù wọ̀nyẹn náà nìyẹn.”

ÒFIN AYÉ PÀÁPÀÁ TI JÍ

Bí a kò bá gbọ́ ti ẹ̀sìn, ṣé a ó gbọ́ ti ìjọba? Ní ọdún 2009, àjọ tó ń rí sí òwò ní Amẹ́ríkà, FTC, là á yé àwọn òǹkọ̀wé orí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó di dandan kí wọ́n sọ ọ́ bí ọlọ́jà bá fún wọn lówó tàbí lẹ́bùn. Ní ọdún 2024, wọ́n ṣe òfin tó dá owó ìtanràn lé ẹ̀rí èké nípa ọjà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Kim Kardashian gbà láti san mílíọ̀nù 1.26 dọ́là fún àjọ mìíràn níbẹ̀, nítorí pé ó polówó owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan láìsọ fún àwọn ènìyàn pé 250,000 dọ́là ni wọ́n san fún òun.

Ní ilẹ̀ wa níbí, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 kọ ọ̀rọ̀ ìṣìnà nípa ọjà. Òfin ọdún 2022 dá àjọ ARCON sílẹ̀ láti máa bójú tó ìpolówó, títí kan ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. A kò tíì gbàgbé oṣù Kejìlá ọdún 2016 tí MMM ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn, tàbí oṣù Kẹrin ọdún 2025 tí CBEX dojú dé, tí àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn. Ta ló gbé irú nǹkan wọ̀nyí dé ilé wa? Ọ̀rẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n ni, ọmọ ìjọ ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “èmi ti gba tèmi.”

KÍ NI KÍ A ṢE?

Mo wá kọjú sí arábìnrin wa tó kọ̀wé sí mi. Arábìnrin mi, kíkọ̀wé fún ọlọ́jà kì í ṣe hàráámù. Ohun tó ba tìrẹ jẹ́ ni “bí ẹni pé èmi ni mo rà á.” Mú ìyẹn kúrò, kí o sì di nǹkan márùn-ún yìí mú.

Èkínní, má kọ nípa ohun tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́: tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ọtí, owó èlé, oògùn tí NAFDAC kò mọ̀. Sūratul Mā’idah, āyah 2, kọ̀ fún wa láti ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀.

Èkejì, bí o kò bá lò ó, má sọ pé o lò ó. O lè kọ pé, “Ohun tí ọlọ́jà sọ nípa rẹ̀ nìyí.”

Ẹ̀kẹta, sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ní èdè tó yé ìyá ẹlẹ́lùbọ́, pé ìpolówó ni, wọ́n sì sanwó fún ọ. Má fi í sísàlẹ̀ níbi tí ojú kò dé.

Ẹ̀kẹrin, bí o bá mọ àbùkù ọjà, sọ ọ́. Bí ọlọ́jà bá ní kí o fi pamọ́, dá owó rẹ̀ padà.

Ẹ̀karùn-ún, ṣọ́ra fún ẹ̀bùn. Ọkùnrin kan tí Ànábì rán lọ gba sàká dé, ó ní apá kan jẹ́ ti ìjọ, apá kan jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun. Ànábì béèrè pé bó bá jókòó sílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ṣé wọn á gbé ẹ̀bùn náà wá bá a? Ìwọ náà bi ara rẹ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọlọ́jà bá gbé nǹkan ọ̀fẹ́ fún ọ.

Mo mọ̀ pé bí o bá ṣe báyìí, àwọn oníbàárà kan á sá fún ọ. Òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n nínú Sūratut Talāq, Ọlọ́hun ṣèlérí ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tó bá bẹ̀rù Rẹ̀, àti arísìkí láti ibi tí kò fọkàn sí. Ìlérí Ọba tí kì í yẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ń tẹ ìwé, ẹ ń ta aṣọ, ẹ ń kọ́lé. Ẹ ń fẹ́ ẹni tí yóò bá yín kọ̀wé nípa iṣẹ́ yín ní òdodo. Arábìnrin yìí ń bẹ láàárín wa, ìyá rẹ̀ sì ń fẹ́ oògùn. Bí a bá ní kí ó fi hàráámù sílẹ̀ tí a kò sì na hàláàlì sí i, a ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ní ti ẹni tó ti kọ irú rẹ̀ sẹ́yìn bíi tèmi, ilẹ̀kùn túúbá ṣí sílẹ̀. Nínú Sūratul Baqarah, āyah 160, lẹ́yìn tí Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó fi òdodo pamọ́, Ó yọ àwọn kan sílẹ̀: àwọn tó túúbá, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣe àlàyé. Ẹ má fo ẹ̀kẹta yẹn. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ kò lè túúbá ní kọ̀rọ̀ nìkan. Ibi tí o kọ irọ́ sí ni kí o padà sí, kí o kọ ọ́ pé, “Ohun tí mo kọ níjọ́ náà, wọ́n sanwó fún mi, n kò sì lò ó.” Bí ẹnikẹ́ni bá ti pàdánù nípasẹ̀ rẹ, wá a lọ. Má dúró di ìgbà tí wọ́n bá sin ín.

Àwọn mọ̀láíkà méjì ń kọ̀wé lé wa lórí. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà, wọn kì í sì pa nǹkan kan rẹ́ nítorí pé àwa ti pa á rẹ́ lójú fóònù. Ohun tí a kọ fún àwọn ènìyàn kà lónìí, a ó kà á fúnra wa lọ́la.

Kí Ọlọ́hun fi hàláàlì tó wa kúrò nídìí hàráámù. Kí Ó la ọ̀nà iṣẹ́ fún àwọn tó ń wáṣẹ́ nínú wa. Kí Ó fún ìyá arábìnrin wa ní àlàáfíà. Kí Ó forí jin ìyá ẹlẹ́lùbọ́, kí Ó kọ láádá Háájì tó gbèrò fún un, kí Ó sì jẹ́ kí n san gbèsè mi tán kí ọjọ́ tó dé. Āmīn.